Kábọ́ọ̀nù Kan Ṣoṣo Ló Wà Láàárín Wọn

Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú kan wọ Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ẹni tó bá mú, ojú rẹ̀ á máa ṣú, kò ní ríran mọ́, lẹ́yìn náà á dákú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lò tó ọjọ́ kan lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Òndó ti kéde pé èèyàn 18 ló ti kú. Àwọn kan ní òòṣà ìlú ni wọ́n ṣẹ̀. Àwọn mìíràn ní Ebola ló padà dé, nítorí kò tíì pé ọdún kan tí àrùn yẹn kúrò ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, kì í ṣe òòṣà, kì í ṣe Ebola, kì í sì í ṣe oògùn koríko. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ògógóró.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kẹ́mísìrì mọ orúkọ yẹn. Òun ló ṣíwájú nínú ẹbí ọtí tí ẹ máa ń kọ sórí bí orin: mẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ́tánọ́ọ̀lù, própánọ́ọ̀lù, bútánọ́ọ̀lù. Ẹ kọ ọ́ fún WAEC, ẹ gba máàkì, ẹ gbàgbé. Ìbéèrè tí mo sì máa ń gbọ́ jù ní kíláàsì ni pé, "Sà, kí ni ìdè átọ́ọ̀mù yìí máa ṣe fún wa tá a bá délé?" Òde-Ìrèlè ni ìdáhùn.

Títí di òní, ní Ìlútitun, ní Igbótako àti káàkiri Òsooro, ẹ ṣì máa gbọ́ tí èèyàn á ní, "Ògógóró tí wọn ò pọn jinná ló pa wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà, àìtọ̀nà rẹ̀ sì lè pa ẹlòmíràn, nítorí ó ń jẹ́ ká máa ṣọ́ ibi tí olè kò gbà wọlé. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Kò ju kẹ́mísìrì ilé ẹ̀kọ́ girama lọ.

Ọwọ́ tí átọ́ọ̀mù ní

Átọ́ọ̀mù kì í fẹ́ dá wà. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń so mọ́ra wọn. Ọ̀nà kìíní ni ti ìfúnni. Ẹ wo iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀: sódíọ̀mù ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó pọ̀ jù fún un, klórínì sì ń wá ọ̀kan. Sódíọ̀mù á gbé tirẹ̀ fún klórínì pátápátá. Ẹni tó fúnni á di ẹni rere, ẹni tó gbà á di òdì, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra wọn gbọnin. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi le, tó fi jẹ́ pé iná 801°C ló tó yọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì ni ti àjọní. Kò sẹ́ni tó fún ẹnì kejì; wọ́n jọ ní in ni. Ọ̀nà yìí ni kábọ́ọ̀nù máa ń gbà. Ẹ fojú inú wo kábọ́ọ̀nù bí ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọ́síjìn ní ọwọ́ méjì. Háídírójìn ní ọwọ́ kan péré. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má ṣe ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ mú kábọ́ọ̀nù kan. Ẹ fi háídírójìn mẹ́ta sí ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ kẹrin, ẹ fi ọ́síjìn sí i. Ọ́síjìn ṣì ku ọwọ́ kan, ẹ fún un ní háídírójìn. Ó parí: CH₃OH.

Ẹ wá kọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí gan-an, èyí tó wà nínú ẹmu, nínú bíà, nínú ògógóró. Ẹ mú kábọ́ọ̀nù méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Èyí tó wà lápá òsì á di háídírójìn mẹ́ta mú. Èyí tó wà lápá ọ̀tún á di méjì mú, á sì di ọ́síjìn mú pẹ̀lú háídírójìn rẹ̀. Ó parí: CH₃CH₂OH.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn méjì lọ. Orí wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ìrù wọn, ìyẹn OH, ọ̀kan náà ni. Ìrù yẹn ló sì ń pinnu bí wọ́n ṣe ń rí lójú wa, bí wọ́n ṣe ń rùn, àti ẹni tí wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́.

Láti ìdí ògùrọ̀

Ẹ jẹ́ ká dé inú irà. Nígbà tí adẹ́mu bá dá ògùrọ̀ lójú, oje tó kọ́kọ́ kán dùn bí ṣúgà, kò sì ní ọtí kankan nínú. Kò pẹ́ tí ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú kèrègbè, á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á máa jẹ ṣúgà yẹn, á máa já ìdè rẹ̀, á sì máa so àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ̀ lọ́nà mìíràn:

C₆H₁₂O₆ → 2C₂H₅OH + 2CO₂

Kò sí átọ́ọ̀mù kan tó sọnù, kò sì sí ọ̀kan tó ti ibòmíràn wá. Tí gírámù 180 ṣúgà gúlúkóòsì bá yí padà tán, ẹ máa rí gírámù 92 ẹ́tánọ́ọ̀lù àti gírámù 88 gáàsì. Ẹ rò ó pọ̀, 180 ni. Gáàsì yẹn ló ń mú ẹmu hó fùkẹ̀fùkẹ̀, òun ló sì máa ń ti ìdérí kẹ́ẹ̀gì jáde tí wọ́n bá dé e pa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ìwúkàrà kò ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù láti ara ṣúgà. Kò sí i nínú ìlà yẹn. Kí ni mẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ pé ó máa ń wà nínú ọtí ìbílẹ̀ ti wá? Ó ń wá láti ara pẹ́kítíìnì, ohun tó ń di ara èso àti igi mú kó má baà rọ̀ jù. Pẹ́kítíìnì gbé orí mẹ́tánọ́ọ̀lù, CH₃, kọ́ra káàkiri, àwọn ẹ́ńsáìmù kan sì lè gé e kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọtí tí wọ́n fi èso pọn fi máa ń ní in díẹ̀. Ṣùgbọ́n oje igi ni ògùrọ̀, kì í ṣe èso tí wọ́n tẹ̀. Ìwọ̀nba tó lè wà nínú rẹ̀ kéré, ẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á rí i níwájú pé ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí gan-an ló ń ṣíji bo èèyàn.

Ohun tí iná ń yà sọ́tọ̀

Ẹmu tó ti kan dáadáa ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sí i nídìí, páìpù á gba inú omi tútù kọjá, ògógóró á sì máa kán lẹ́nu rẹ̀ tó, tó, tó. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọtí fi ń ṣáájú omi jáde?

Ẹ padà sórí àjọní. Mo ní ọ́síjìn àti háídírójìn jọ ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, ṣùgbọ́n àjọní wọn kò dọ́gba. Ó dà bíi tọkọtaya tó jọ bo aṣọ kan nígbà òtútù: ọ́síjìn á máa fa aṣọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ara háídírójìn á wà níta. Nígbà tí ara háídírójìn bá wà níta báyìí, á máa wá ọ́síjìn ilé kejì láti fara mọ́. Ìfaramọ́ yìí kò le tó ìdè gidi, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ó lágbára.

Ẹ wo ẹ̀rí rẹ̀. Mólékù gáàsì ọ́síjìn tí à ń mí sínú wúwo tó 32. Mólékù mẹ́tánọ́ọ̀lù náà wúwo tó 32. Ìwọ̀n kan náà ni. Síbẹ̀, ní -183°C ni ọ́síjìn ti ń hó, mẹ́tánọ́ọ̀lù sì dúró di 65°C. Ìfaramọ́ háídírójìn ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, tó wúwo díẹ̀ jù ú, ń hó ní 78°C. Omi wá ń kọ́? Òun ló fúyẹ́ jù nínú wọn, 18 péré, ṣùgbọ́n apá méjèèjì ọ́síjìn rẹ̀ ni háídírójìn wà, ìfaramọ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù: 100°C.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lóye rèé. Wọ́n á ní, "Níwọ̀n ìgbà tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní 65°C, ẹ jẹ́ ká da èyí tó kọ́kọ́ jáde nù, a ti bọ́." Ó dára láti da àkọ́kán nù, ọ̀pọ̀ onípọnti káàkiri ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ́tánọ́ọ̀lù àti omi ti fara mọ́ra wọn nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn; wọn kì í jáde lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù á pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣì máa bá wọn jáde títí dé òpin. Tó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n pọn ún tán ni ẹnì kan dà á sí i, kí ni àkọ́kán dídànù fẹ́ ṣe?

Kẹ́ẹ̀gì ilé iṣẹ́

Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n ń sun láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀ tí wọ́n fi ń rí mẹ́tánọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ọtí igi. Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti ara gáàsì:

CO + 2H₂ → CH₃OH

Láti ìgbà náà ló ti di ohun tó pọ̀ nílé ayé, tí kò sì wọ́n. Wọ́n ń fi ṣe ike, wọ́n ń fi ṣe gúlúù, wọ́n ń fi po ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, wọ́n ń fi fọ gíláàsì ọkọ̀. Ó wúlò gidigidi. Sípírìtì tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì láti fi nu ojú egbò, láti ara mẹ́tánọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀ ti wá: wọ́n dà á mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún.

Mi ò mọ ẹni tó fi sí ti Òde-Ìrèlè, mi ò sì ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí kẹ́mísìrì ń tọ́ka sí. Àwọn bàbá wa ti ń mu ògógóró láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, nígbà tí òfin ṣì kà á léèwọ̀ tí wọ́n sì ń pọn ọ́n nínú irà lóru. Ó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó tú ilé ká, ṣùgbọ́n kì í fọ́ odidi àdúgbò lójú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan bíi mílílítà 10 mẹ́tánọ́ọ̀lù gidi, ìyẹn ṣíbí kékeré méjì, ti tó láti fọ́ àgbàlagbà lójú. Nǹkan bíi mílílítà 30 lè pa á. Kí iye tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ìgò kan, ó ṣòro kí ó jẹ́ láti ìdí ògùrọ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ilé iṣẹ́ ló ti máa ń wá, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ohun pọ́ọ́kú sọ ìgò kan di méjì.

Kì í ṣe Ìkálẹ̀ nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ọdún 2015 kan náà, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù Kẹfà yẹn, ó pa èèyàn tó lé ní 100 ní Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà dé, ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ní ilẹ̀ Ìráàn, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọtí ń wo àrùn náà. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀ràn oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ní ọdún 2008, tí ọmọ 84 ṣe kú ní Nàìjíríà. Kì í ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù nìyẹn, dáyẹ́tílíìnì gláíkọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni: ohun tó jọ èyí tó dára ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu.

Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ni apààyàn gan-an. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di májèlé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ti ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń gba háídírójìn méjì kúrò lára ọtí. Ẹ́tánọ́ọ̀lù á di asẹtaldiháìdì, èyí tó ń fa orí fífọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ́ńsáìmù mìíràn á wá sọ ìyẹn di ásíìdì asẹ́tíìkì. Ẹ mọ ásíìdì yìí dáadáa: òun ló wà nínú ẹmu tó ti di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, tó kan tí kò ṣeé mu mọ́. Ara lè sun ún bí igi ìdáná, á di omi àti gáàsì, ó tán.

Ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù kan ló kù nínú mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ó rí ìrù OH, ó gbà á wọlé, ó sì ṣe iṣẹ́ kan náà fún un:

CH₃OH → HCHO → HCOOH

HCHO yẹn ni fọmaldiháìdì. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, fọ́málíìnì ni, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. HCOOH ni ásíìdì fọ́míìkì. Láti ara èèrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ nínú oko rọ́bà mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń mú oje rọ́bà dì.

Ara kò lè tètè sun ásíìdì fọ́míìkì. Á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì dí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo ọ́síjìn. Ẹni náà á máa mí, ọ́síjìn á wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò lè lò ó. Iṣan ojú kì í gba ìyà yìí mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń ṣáájú lọ.

Ibi kan náà ni sáyánáìdì inú gbágùúdá ń dí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe púpurú ti mọ ọ̀nà sáyánáìdì láti ìgbà pípẹ́: wọ́n á rẹ gbágùúdá sómi fún ọjọ́ mélòó kan, á rọ̀, á kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì gbé e sórí iná eléèéfín. Omi, àkókò àti iná á lé sáyánáìdì lọ. Kò sí irú ọgbọ́n ilé bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tánọ́ọ̀lù tó ti wọ inú ọtí. Àwọn méjèèjì ti di ẹbí.

Ahọ́n kò mọ̀ ọ́n

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdánwò tí àwọn èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Wọ́n ní kí a tọ́ ọ wò. Adùn àti òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ẹ́tánọ́ọ̀lù débi pé nínú ògógóró, kò sí ahọ́n tó lè yà wọ́n.

Wọ́n ní kí a ṣáná sí i. Àwọn méjèèjì ń jó, iná aláwọ̀ búlúù ni. Tí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀, kò sí ojú tó lè sọ iye ti èwo ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní kí a mi ìgò kí a wo ìfòfó rẹ̀. Ìfòfó ń sọ bí ọtí ṣe le tó, kò sọ irú ọtí tó jẹ́.

Wọ́n ní kí a lo irin-ìwọ̀n ọtí. Mílílítà kan ẹ́tánọ́ọ̀lù wúwo tó gírámù 0.79. Mílílítà kan mẹ́tánọ́ọ̀lù wúwo tó gírámù 0.79. Ẹ dá mi lóhùn.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó mọ̀wé á ní, "Sà, ìdánwò ayodofọ́ọ̀mù!" Ẹ ṣeun. Lóòótọ́, ẹ́tánọ́ọ̀lù á mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè wá, mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní mú un wá. Ṣùgbọ́n nínú ògógóró tí wọ́n ti lú, ẹ́tánọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, àwọ̀ ìyeyè á sì yọ. Ìdánwò yẹn lè sọ fún yín pé ẹ́tánọ́ọ̀lù wà; kò lè sọ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù kò sí. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò tó ń ya oríṣiríṣi mólékù sọ́tọ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí ìyẹn.

Bó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ yẹn fẹ́ràn ẹ́tánọ́ọ̀lù ju mẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Tí àwọn méjèèjì bá jọ dé, ẹ́tánọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn, bí oníbodè tó ń jẹ́ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kọjá ṣáájú. Ohun méjì ló ti ibẹ̀ jáde.

Ìkíní, ìdẹkùn ni. Ẹni tó mu ọtí tí wọ́n lú lè jí lówùúrọ̀ kí ara rẹ̀ yá, nítorí ẹ́tánọ́ọ̀lù kò tíì tán. Ó sábà máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kí ìyà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, ta ló tún máa rántí ife kan tó mu lánàá? Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa wá òòṣà kiri.

Ìkejì, ìwòsàn ni. Ní ilé ìwòsàn, dókítà lè lo oògùn fomẹpísọ́ọ̀lù láti ti ẹnu ọ̀nà ẹ́ńsáìmù yẹn pa. Níbi tí kò bá sí, wọ́n lè fi ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n wọ̀n dáadáa há a mọ́ ẹnu iṣẹ́, kí mẹ́tánọ́ọ̀lù má baà rí ọ̀nà di májèlé, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ògógóró mìíràn fún aláìsàn nílé; bóyá inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ló ti wá.

Epo pupa ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ẹ rántí ìrù OH: omi ló ń bá ṣọ̀rẹ́, kì í ṣe epo. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í fi omi sílẹ̀ wọ inú epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nínú ikùn kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Epo kò ní bá a. Èèbì tí epo bá sì fà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ti ń dákú.

Nítorí náà, tí orí bá ń fọ́ ẹni tó mutí lánàá, tó ń bì, tó ní òun ń rí ayé bíi kùrukùru òwúrọ̀ lójú odò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì mú ìgò náà dání. Gbogbo ẹni tó bá a mu nínú ìgò yẹn ni kí ẹ kó lọ, títí kan ẹni tó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Òun gan-an ni wọ́n máa rí gbà là jù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ka ògógóró léèwọ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, òkú ti pọ̀. Ṣùgbọ́n adẹ́mu tó gun ògùrọ̀ kọ́ ni orísun mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ó sàn kí a mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ, kí a fi àró àti ohun kíkorò sínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má lè lù ú mọ́ ọtí láìfura. Òfin tó lé ògógóró wọ inú igbó ń sọ ọ́ di ohun tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti di olùkọ́ báyìí. Tí ẹ bá tún kọ CH₃OH àti C₂H₅OH sójú pátákó, ẹ má kàn ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sórí. Ẹ sọ fún wọn pé ìkíní ń fọ́ni lójú, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìdí rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa sọ nílé lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn báyìí, ẹ mú ìgò yẹn dání."